Mo fẹ́ máa gbin ẹ̀fọ́ sẹ́yìn ilé wa ní Bàrígà, gbogbo ẹ̀ ló ń kú, ẹ gbà mí o

#1 TólaNíBàrígà

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀.

Mini flat la wà ní Bàrígà, èmi, ọkọ mi àti ọmọ méjì, nísàlẹ̀ ilé. Lẹ́yìn kíṣìnì wa àyè kan wà tí ẹnikẹ́ni ò lò fún nǹkan kan, mo fi téèpù wọ̀n ọ́n, gígùn ẹ̀ jẹ́ mítà 5, fífẹ̀ ẹ̀ méjì ààbọ̀. Kọ̀ǹkéré ni gbogbo ẹ̀. Oòrùn máa ń bà á láti bí aago mẹ́wàá àárọ̀ títí di aago mẹ́ta kí ilé ẹ̀gbẹ́ wa tó bò ó.

Ohun tó gbé mi dé ìdí ẹ̀ ni pé látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní May 2023 ni gbogbo nǹkan ti le koko, mo wá jókòó lọ́jọ́ kan mo ṣírò ohun tá à ń ná lórí ẹ̀fọ́ àti ata nìkan, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mò ń rà á lọ́sẹ̀, ìdajì ẹ̀ á sì ti rọ kí n tó sè é torí iná ò sí fún fíríìjì. Mo ní ó tó gẹ́ẹ́.

Mo wá àpò ìrẹsì òfìfo mẹ́jọ. Mo lọ gba ìyẹ̀fun pákó lọ́fẹ̀ẹ́ níbi tí wọ́n ti ń la pákó. Mo ra ìgbẹ́ adìẹ àpò kan lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń sin adìẹ, ó ṣì ń gbóná nígbà tí mo gbé e délé, mo po gbogbo ẹ̀ mọ́ yẹ̀pẹ̀. Mo wá ra èso oríṣi 12 lórí íntánẹ́ẹ̀tì, karọ́ọ̀tì, kábéèjì, lẹ́túùsì, tòmátì ńláńlá, ewédú náà wà ńbẹ̀. Karọ́ọ̀tì ò jáde rárá. Ewédú, mẹ́rin péré ló jáde nínú odindi páálí. Tòmátì ló kọ́kọ́ wù mí, ó ga dé orúnkún mi, mo ti ń fi fọ́tò ẹ̀ sí status, àfi bó ṣe di ọjọ́ kan, láàárọ̀ ó dúró ṣánṣán, nírọ̀lẹ́ ó ti sùn. Àwọn tó kù, ewé wọn ń pọ́n bí ìyeyè láti ìsàlẹ̀ lọ sókè.

Ọkọ mi ní ká kúkú ti fowó yẹn ra sólà. Kí ni mo ṣe tí ò dáa? Àti pé, ẹni tó ń gbé ilé rẹ́ǹtì tó fẹ́ kí owó iná, omi àti oúnjẹ dín kù, ibo lonítọ̀hún á ti bẹ̀rẹ̀?

#2 Kò_sí_wàhálà (Sùúrùlérè)

Àǹtí Tóla ẹ kú ìdààmú o. Mi ò fẹ́ bà yín lọ́kàn jẹ́ ṣùgbọ́n òótọ́ ni ọkọ yín sọ. Ẹ ṣírò owó ìgbẹ́ adìẹ, owó èso, owó omi, ṣebí ẹ mọ̀ pé mẹ́rúwà ò gbé omi wá lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ wá sọ fún mi pé ewédú mẹ́rin ló dín owó kù? Ọjà Mile 12 ò jìnnà sí Bàrígà jàre. Ẹ lọ rà á lápò kẹ́ ẹ jókòó jẹ́ẹ́ 😂

#3 Bàbá_Ìpàjà

Ọmọ mi Tóla, fi ọmọ Sùúrùlérè yẹn sílẹ̀. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ẹ̀fọ́ tí mò ń jẹ ò ti ọjà wá. Ata nìkan ni mo ṣì ń rà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó pa tìẹ.

Ìgbẹ́ adìẹ tó ṣì ń gbóná, iná ni. Tó o bá ti ọwọ́ bọ àárín àpò yẹn wàá mọ ohun tí mò ń sọ. Òun ló jó gbòǹgbò wọn. A kì í lò ó bẹ́ẹ̀. Wọ́n á tú u sílẹ̀, wọ́n á fi omi wọ́n ọn, wọ́n á bò ó, wọ́n á máa yí i padà títí oṣù méjì ó kéré tán, títí á fi tutù tí kò ní rùn mọ́, tó fi jẹ́ pé ọwọ́ lásán lo máa fi bù ú láìdi imú. Tó ò bá lè dúró, sọ fún ẹni tó tà á fún ẹ pé kó fún ẹ ní èyí tó ti pẹ́ lẹ́yìn ilé adìẹ, èyí tí koríko ti ń hù lórí ẹ̀. Ìyẹn ló dáa jù, wọn kì í sì í kà á sí nǹkan kan.

Ìyẹ̀fun pákó náà jẹ̀bi, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì mọ̀. Pákó tútù tó bá wọnú ilẹ̀, àwọn ẹ̀dá tíntìntín tí ojú ò lè rí ló máa ń jẹ ẹ́ kó tó jẹrà, wọ́n sì nílò náítírójìn láti fi ṣe iṣẹ́ yẹn, inú ilẹ̀ kan náà ni wọ́n ti ń fà á. Wọ́n á fà á gbẹ kí ewédú ẹ tó rí nǹkan kan. Ewéko tí ò bá rí náítírójìn, á máa yọ ọ́ lára ewé àgbà fún ewé ọmọ, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ló ti ń pọ́n. Pákó yẹn wúlò o, má dà á nù. Tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ kí omi má tètè gbẹ, ṣùgbọ́n má pò ó mọ́ ilẹ̀ àfi tó bá ti dúdú.

Tòmátì tó sùn lọ́jọ́ kan ṣoṣo, àrùn inú ilẹ̀ nìyẹn, ó sì fẹ́ràn òjò Èkó gan-an. Gé igi ẹ̀ nísàlẹ̀, ki ojú ibi tó o gé sínú ife omi tó mọ́, dúró wò ó díẹ̀. Tó o bá rí nǹkan funfun tó ń yọ jáde wálẹ̀ bí òwú, òun gan-an ni. Má fi yẹ̀pẹ̀ àpò yẹn gbin ata, má fi gbin ìkàn, mọ̀lẹ́bí tòmátì ni gbogbo wọn, á mú wọn. Tẹ̀tẹ̀ ni kó o gbìn síbẹ̀. Tòmátì dọwọ́ ìgbà tí òjò bá ń kógbá sílé, October sí November.

Ṣé o lu ihò sídìí àwọn àpò yẹn ṣá?

#4 TólaNíBàrígà

Háà. Mi ò lu ihò o Bàbá, mo rò pé àpò ìrẹsì máa ń jo fúnra ẹ̀ ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lọ wò ó báyìí, mo tẹ ọ̀kan, omi dúró lókè bí ti abọ́. Ẹ ṣeun gan-an sà. Karọ́ọ̀tì àti kábéèjì wá ńkọ́?

#5 Bàbá_Ìpàjà

Èyí tó bá ní rọ́bà nínú kì í jo. Lu ihò bíi mẹ́jọ sídìí ẹ̀, kó o sì fi búlọ́ọ̀kù gbé e kúrò lórí kọ̀ǹkéré torí kọ̀ǹkéré yẹn máa ń gbóná lọ́sàn-án bí àwo àmàlà. Yẹ̀pẹ̀ tuntun: ilẹ̀ dúdú ọwọ́ méjì, ìgbẹ́ adìẹ tó ti tutù ọwọ́ kan, ó parí. Tí ilẹ̀ yín bá le bí amọ̀, fi yanrìn odò díẹ̀ sí i.

Ibo lo ti fẹ́ bu ilẹ̀? Má bù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mẹkáníìkì ń da ọ́ìlì sí, má bù ú níbi tí wọ́n ti tú bátìrì rí, má sì bù ú létí títì. Lẹ́ẹ̀dì inú bátìrì, ìyẹn òjé, kì í tán nínú ilẹ̀, ọmọdé ló sì máa ń pa lára jù.

Karọ́ọ̀tì àti kábéèjì, jẹ́ kí wọ́n máa ti Jos wá. Ibẹ̀ tutù.

#6 ElewédúKétu

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i torí orí mi lẹ́ ẹ wà. Ẹ̀fọ́ ni mò ń tà ní Kétu, ìyá mi ló tà á kó tó kàn mí, a ṣì ní ojú ilẹ̀ kékeré kan tá à ń gbìn.

Àǹtí Tóla, àṣìṣe yín àkọ́kọ́ kì í ṣe ìgbẹ́ adìẹ. Ohun tẹ́ ẹ gbìn ni. Ta ló ń jẹ lẹ́túùsì nínú ilé yín? Ẹ gbin ohun tẹ́ ẹ máa ń sè. Tẹ̀tẹ̀, ewédú, ṣọkọ, gbúre, ẹ̀fínrín, ewúro. Àwọn wọ̀nyí mọ ooru Èkó, ó mọ̀ wọ́n. Àwọn àgbà wa kì í tọ́jú tẹ̀tẹ̀, orí ààtàn ló ń hù sí, wọ́n sì ní tẹ̀tẹ̀ kì í tẹ́ láwùjọ ẹ̀fọ́.

Ewédú yín ò jáde torí pé èèpo èso ẹ̀ le. Tẹ́ ẹ bá kàn gbìn ín bẹ́ẹ̀, èyí tó bá wù ú lá jáde, àwọn tó kù á sùn. Bí a ṣe ń ṣe é rèé: ẹ dì í sínú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, aṣọ tí wọ́n fi ń sẹ́ ògì gan-an dáa, ẹ fi okùn so ó. Ẹ gbé omi kaná, tó bá ti hó ẹ sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ ki aṣọ yẹn bọ inú ẹ̀, ẹ ka ení èjì dé ẹẹ́wàá, ẹ fà á yọ, ẹ jù ú sínú omi tútù lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí fóònù dún lásìkò yẹn o, èmi ti se èso jinná rí nítorí fóònù 😂. Ẹ wá tẹ́ ẹ sórí bébà kí ara ẹ̀ gbẹ. Ẹ pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ, èso ìka kan sí yanrìn ìkúnwọ́ méjì, kẹ́ ẹ wá fọ́n ọn, torí ó kéré púpọ̀, láìsí yanrìn ojú kan ni gbogbo ẹ̀ máa ń já sí. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin sí mẹ́fà ẹ ó rí i.

Gbúre, ẹ má ra èso ẹ̀ láéláé. Ẹ̀yí tẹ́ ẹ rà lọ́jà, ẹ já ewé ẹ̀ sè, ẹ gún igi ẹ̀ mọ́lẹ̀. Ewúro bẹ́ẹ̀, ẹ̀fínrín bẹ́ẹ̀. Tẹ̀tẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ẹ ti ń jẹ ẹ́. Ewédú, ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí mẹ́fà. Ẹ má fà á tu, ẹ gé e kẹ́ ẹ fi bí ìka ọwọ́ kan sílẹ̀, á tún yọ ẹ̀ka.

Ohun kan tó máa ń dun àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni pé wọ́n á gbin gbogbo àpò lọ́jọ́ kan, gbogbo ẹ̀ á gbó lọ́jọ́ kan, wọ́n á wá máa pín in fún ará àdúgbò, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e wọ́n padà sọ́jà wa (ẹ kúkú máa bọ̀, mi ò ní bínú). Ẹ gbin àpò kan lónìí, kí ọjọ́ mẹ́wàá pé kẹ́ ẹ tó gbin òmíì.

Bọ̀dá Sùúrùlérè, ẹni tó bá ra ẹ̀fọ́ lápò fún èèyàn mẹ́rin tí ò níná, kí ló fẹ́ fi í ṣe, kó fi sùn?

#7 Kò_sí_wàhálà (Sùúrùlérè)

😂😂 Mo túúbá màmá. Mo ti gbà. Ṣùgbọ́n ẹ dáhùn ọ̀rọ̀ omi, ẹ ò tíì dáhùn ẹ̀. Àpò mẹ́jọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ṣé omi tí wọ́n ń rà ni ẹ fẹ́ máa dà sí i?

#8 Nọ́ọ̀sì_Yábà

Òjò ń rọ̀ ní Èkó bí ẹni pé ọ̀run ya, gbogbo ẹ̀ ń lọ sí gọ́tà, a wá ń ra omi. Ìyẹn ti ń bí mi nínú láti kékeré.

Ìṣirò ẹ̀ rọrùn. Òjò mílímítà kan lórí páànù tó jẹ́ mítà kan níbùú lóòró, lítà omi kan ni. Ká ní apá páànù tó dojú kọ ẹ̀yìn ilé yín jẹ́ mítà 6 sí 5, ìyẹn 30. Òjò kan tó bá lágbára díẹ̀, mílímítà 20, lítà 600 nìyẹn. Ẹ yọ èyí tó ń ta dànù, ẹ ṣì máa rí bíi 480, ìyẹn ju dúrọ́ọ̀mù ńlá méjì lọ. Àpò mẹ́jọ, ká ní ẹ ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní lítà mẹ́rin lójúmọ́, 32 ni. Ẹ̀yin náà ẹ pín in.

Èyí tó bá kọ́kọ́ rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ jẹ́ kó ṣàn lọ, òun ló ń fọ ìgbẹ́ ẹyẹ àti eruku kúrò lórí páànù. Tó bá jẹ́ pé asbẹ́sítọ́ọ̀sì àtijọ́ ló wà lórí ilé yín, ẹ má gun un lọ fọ̀, ẹ má sì mu omi ẹ̀.

Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ wọlé gan-an ni ẹ̀fọn. Dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n ṣí sílẹ̀, láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì tanwíjí inú ẹ̀ ti di ẹ̀fọn tó ń fò. A ò lè torí ewédú kó ibà wọlé tọ ọmọ méjì. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bo ẹnu ẹ̀, ẹ fi rọ́bà tàbí okùn dè é pinpin, ihò ṣóńṣó kan ẹ̀fọn á gbà á wọlé. Táyà àtijọ́ táwọn kan ń gbin nǹkan sí náà, omi máa ń dúró nínú ikùn ẹ̀, ẹ lu ihò sí i.

Omi tẹ́ ẹ fi ṣan ìrẹsì àti ẹ̀wà, ẹ dà á sí ẹ̀fọ́. Omi tẹ́ ẹ fi fọṣọ tó ní òmó àti jíìkì, ẹ má dà á sí i. Àti pé ẹ̀fọ́ tẹ́ ẹ bá rà, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa o, gbogbo wa la mọ àwọn tó ń gbìn ín sétí kànáàlì, a sì mọ omi tí wọ́n fi ń wọ́n ọn.

#9 ElewédúKétu

Nọ́ọ̀sì, èmi ò gbìn ín sétí kànáàlì o. Kàǹga la ń lò. Ṣùgbọ́n òótọ́ lẹ sọ, wọ́n wà.

#10 ỌmọPópóÀgùdà

Mo ń gbádùn ọ̀rọ̀ yìí. Ìsàlẹ̀ Èkó lèmi wà, Pópó Àgùdà gan-an, nínú ilé màmá màmá mi. Ẹ̀ ń pè é ní nǹkan tuntun, mo ń rẹ́rìn-ín. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil àti Cuba darí dé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ilé tí wọ́n kọ́, ògiri ẹ̀ nípọn, àjà ẹ̀ ga, fèrèsé onígi méjì máa ń kọjú síra wọn kí atẹ́gùn lè gba àárín kọjá. Màmá mi àgbà ò ní fáànù títí ó fi kú, kò sì sí ẹni tó ń làágùn ní pálọ̀ ẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé ní kàǹga, igi ìbẹ́pẹ méjì àti ewé tíì tó tò yí ibi tí wọ́n ti ń wẹ̀ ká. Ẹ̀yìnkùlé yẹn ti di ṣọ́ọ̀bù báyìí. Kàǹga wà síbẹ̀, ṣùgbọ́n a ò mu omi ẹ̀ mọ́, sọ́kàwéè ti yí i ká.

Òkè ló kù mí kù. Mo fẹ́ to àpò 20 àti táńkì lítà 1,000 sórí dẹ́kíǹ. Ẹ̀yin àgbà ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

#11 Bàbá_Ìpàjà

Má dán an wò!

Lítà 1,000, tọ́ọ̀nù kan gbáko nìyẹn lójú kan. Àpò ìrẹsì ńlá tó kún fún yẹ̀pẹ̀ tútù, ju kílò 80 lọ, ogún ẹ̀ ju tọ́ọ̀nù kan àtààbọ̀ lọ. Ìwọ náà ti sọ pé ilé àtijọ́ ni. Ilé tó wó ní Ìta Fájì ní March 2019 tí iléèwé wà nínú ẹ̀, a ò tíì gbàgbé. Àyàfi tí ẹnjiníà tó mọ iṣẹ́ bá wá wò ó, kò gbọdọ̀ sí táńkì lórí ẹ̀. Lo bọ́kẹ́ẹ̀tì pẹ́ẹ̀ǹtì kéékèèké, tò wọ́n sí etí ibi tí ògiri wà nísàlẹ̀ ẹ̀, má tò wọ́n sáàárín. Gbin ẹ̀fínrín, gbúre, ata. Ewé tíì màmá ẹ náà á hù nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì.

#12 ỌmọPópóÀgùdà

Mo gbọ́ Bàbá. Mo ti ra táńkì yẹn ná o, ìsàlẹ̀ ni màá gbé e sí.

#13 WáyàMan_Mushin

Ẹni tó mẹ́nu ba sólà, iṣẹ́ mi nìyẹn, mo sì máa sọ ohun táwọn tó ń tà á ò ní sọ fún yín. Ẹ má ì rà á.

Ẹ kọ́kọ́ dín ohun tó ń jẹ iná kù. Gílóòbù àtijọ́ 60 wáàtì márùn-ún, 300 nìyẹn. LED 9 wáàtì márùn-ún, 45. Owó tí wọ́n fi ń yí gílóòbù kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó pánẹ́ẹ̀lì. Látìgbà tí wọ́n ti gbé owó iná Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ní wọ́n á máa rí iná wákàtí 20 lójúmọ́, lọ sí nǹkan bíi ₦225 lórí yúníìtì kan ní April 2024 ni mo ti ń rí àwọn tó ń sáré ra ínfátà tí wọ́n á tún fi áyọ́ọ̀nù 1,000 wáàtì kàn án, wọ́n á wá máa pè mí lóru.

Bátìrì 200Ah kan tó jẹ́ 12 fóólítì, ẹ sọ ọ́ di 200 lọ́nà 12, lórí bébà iná wáàtì 2,400 fún wákàtí kan ló wà nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n bátìrì olómi, ẹ má lò ju ìdajì lọ tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó pẹ́. Ó ku 1,200. Fáànù 60, tẹlifíṣọ̀n 60, gílóòbù mẹ́rin 36, ó lé ní 150 díẹ̀. Ẹ yọ ohun tí ínfátà fúnra ẹ̀ ń jẹ, wákàtí mẹ́fà ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Fíríìjì ò sí nínú ẹ̀ o. Ìyẹn ni ẹni tó ń tà á máa ń gbé mì.

Ilé rẹ́ǹtì ni àǹtí Tóla wà. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á nígbà tí owó bá wà, ẹ rí i pé gbogbo ẹ̀ ṣe é tú, kí wọ́n má wà á mọ́ ògiri onílé. Ọkọ yín ò pa irọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ ló yẹ kó ṣáájú.

#14 TólaNíBàrígà

Mo ti fi ti WáyàMan han ọkọ mi, ó ní "áyọ́ọ̀nù ta ni wọ́n ń bú yẹn?" 😂

Ẹ gbọ́, wàhálà míì ti dé. Mo ní kí n máa ṣe ajílẹ̀ fúnra mi, mo ń da èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìyókù oúnjẹ sínú dúrọ́ọ̀mù kan. Ó ń rùn. Ìdin wà ńbẹ̀. Eku ti ń wá. Mọ̀mí onílé wá bá mi lánàá, wọ́n ní àwọn ò gba ilé fún ààtàn, pé tó bá di òpin oṣù káwọn má rí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Ojú tì mí.

#15 ElewédúKétu

Ìyókù oúnjẹ bí i kí? Ẹ má sọ fún mi pé ọbẹ̀.

#16 TólaNíBàrígà

Ọbẹ̀ wà ńbẹ̀ 🙈 àti eegun ẹja

#17 ElewédúKétu

Ẹ̀n-ẹ́n. Eku gbọ́ òórùn ẹja láti Ṣómólú. Epo, ẹran, ẹja, oúnjẹ tí wọ́n ti sè, kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Èèpo tútù nìkan. Tẹ́ ẹ bá da èèpo abọ́ kan sí i, ewé gbígbẹ abọ́ méjì sí mẹ́ta ló máa tẹ̀ lé e. Ìyẹ̀fun pákó tẹ́ ẹ gbà yẹn, ibí gan-an ni iṣẹ́ ẹ̀ wà, ẹ fi máa bo ojú ẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ lu ihò yí dúrọ́ọ̀mù ká, ẹ máa fi igi rú u lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Ẹ bù ú sọ́wọ́, ẹ fún un. Tí omi bá ń ṣàn láàárín ìka yín ó ti tutù jù, ẹ fi ewé gbígbẹ sí i. Tó bá kán tó ẹyọ kan méjì, ó dáa. Oṣù méjì sí mẹ́ta nínú ooru tiwa yìí, ó ti di ilẹ̀.

Ti mọ̀mí onílé, ẹ da ìyẹn nù pátápátá lónìí, ẹ fọ ibẹ̀, kẹ́ ẹ lọ kúnlẹ̀ fún wọn. Ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹ bi wọ́n pé ẹ̀fọ́ wo ni wọ́n fẹ́ràn, àwọn àgbà kì í kọ gbúre tàbí ẹ̀bòlò.

#18 Kò_sí_wàhálà (Sùúrùlérè)

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gbúre, tó bá di ọdún tó ń bọ̀ wọ́n á ní kẹ́ ẹ gba ìyókù kọ́ńpáúndì 😂

#19 TólaNíBàrígà (oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ní kí n padà wá jábọ̀ torí mo mọ bó ṣe máa ń rí, èèyàn á béèrè tán á sá lọ.

Mọ̀mí onílé gbà. Ewúro ni wọ́n ní kí n gbìn fún àwọn, torí ìtọ̀ ṣúgà wọn, mo ní mọ̀mí ẹ má fi oògùn yín sílẹ̀ nítorí ewúro o, wọ́n ní ṣé mo rò pé àwọn ya wèrè ni. Àpò kan wà níwájú ilẹ̀kùn wọn báyìí, àwọn fúnra wọn ló ń bomi rin ín. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ wọn ńkọ́? Mo gbin ugú mẹ́ta, ó ti ń fà lórí okùn tí mo ta sí ògiri, mo rí i láàárọ̀ ọjọ́ kan, okùn nìkan ló kù. Ewúrẹ́ yẹn dúró síbẹ̀ ó ń wò mí, ó ń jẹnu. Ta ni mo fẹ́ fẹjọ́ sùn?

Ewédú jáde bí irun orí. Mo ka ení dé ẹẹ́wàá bí màmá Kétu ṣe wí, mo pa fóònù. Mo kọ́kọ́ gé e ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ọmọ mi àgbà ló fi ìjábẹ̀ ja á, ó ní òun ló gbìn ín. Tẹ̀tẹ̀, kòkòrò ti jẹ ewé ẹ̀ ní ìjẹkújẹ, mo gún ewé dongoyaro, mo rẹ ẹ́ mọ́jú, mo sẹ́ ẹ, mo fi ọṣẹ díẹ̀ sí i, mo ń wọ́n ọn sábẹ́ ewé nírọ̀lẹ́, ó dín kù, kò tán. Ṣọkọ ò ṣe dáadáa lọ́wọ́ mi, mi ò mọ ohun tó ń ṣe é. Àpò ìrẹsì méjì ti ń já wẹ́lẹwẹ̀lẹ nítorí oòrùn, mo ti ń kó wọn sí bọ́kẹ́ẹ̀tì pẹ́ẹ̀ǹtì kí rọ́bà ẹ̀ má lọ pò mọ́ ilẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀kan ni mò ń lọ ra ẹ̀fọ́ lọ́sẹ̀ báyìí, nígbà míì mi ò lọ rárá. Ata ni mo ṣì ń rà. Gílóòbù ti di LED, ọkọ mi ló rà á fúnra ẹ̀, áyọ́ọ̀nù ṣì wà.

Ìbéèrè kan ló kù. Ọmọ ata rodo tí mo rà lọ́wọ́ màmá Kétu ti yọ òdòdó dáadáa, ewé ẹ̀ dúdú, ó tóbi, ṣùgbọ́n òdòdó yẹn ń já bọ́, kò so ẹyọ kan. Kí ló fà á?

#20 Bàbá_Ìpàjà

O ti bọ́ ọ jù. Ewé tó dúdú tó tóbi tí kò so, ìgbẹ́ adìẹ ló pọ̀ níbẹ̀. Má fi kún un mọ́, bu eérú ìkúnwọ́ kan sídìí ẹ̀, kó o má jẹ́ kó gbẹ lónìí kó kún àkúnya lọ́la, ìyẹn náà máa ń já òdòdó. Láàárọ̀ kó o fi ìka ta igi ẹ̀ pẹ́pẹ́. Fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì.

Ewúrẹ́ yẹn, fi nẹ́ẹ̀tì ẹja tó ti gbó yí ẹ̀fọ́ ká, wàá rí i rà létí omi lọ́dọ̀ yín. Ẹsẹ̀ ẹ̀ máa ń há sí i, kò ní fẹ́ràn ẹ̀.